Koríko tí Làmídì Dá Sí

Eérú kan rọra já bọ́ sínú amọ̀ tí Fàtímọ̀ ń fi ẹsẹ̀ pò. Ó gbójú sókè. Òmíràn ń bọ̀, dúdú, ó ń fì lójú afẹ́fẹ́ ọyẹ́. Kò bà á lẹ́rù. Láàárọ̀ ni àwọn ọkùnrin abà ti lọ tiná bọ igbó lókè lọ́hùn-ún bí wọ́n ti í ṣe lọ́dọọdún, tọmọdé tàgbà wọn, kùmọ̀ lọ́wọ́, ajá níwájú. Òyà ni wọ́n ń lé.

"Má dúró o," ni Ìyá Làmídì wí láti ẹnu ọ̀nà. "Àjà kò ní rẹ́ ara rẹ̀."

"Mo ti gbọ́, Ìyá."

Àjà yìí ti sú Fàtímọ̀; láàárọ̀ yìí ló rẹ́ ti yàrá tirẹ̀ tán, ó ku ti ìyá. Oṣù mẹ́rin péré ló ṣe nílé ọkọ, agbára káká ni ọjọ́ kan fi ń kọjá láìjẹ́ pé ó pọnmi tàbí kó po amọ̀. Ní gbogbo àgbègbè Akínyẹlé, kò sí ẹni tó bẹ̀rù iná tó ìyá ọkọ rẹ̀. Ilé ìyá yìí ti jó rí ní Ìbàdàn, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́mọge. Èbù iṣu jó, àgbàdo ìgbìn jó, ebi ọdún tó tẹ̀lé e sì pa àbúrò wọn méjì. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Nítorí náà, bí ọyẹ́ bá ti dé, ìyá á ní kí wọ́n to ìkòkò omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ àká, kí wọ́n fi amọ̀ rẹ́ àjà yàrá gbogbo kí iná òrùlé má baà jó wọlé, kí wọ́n sì ro koríko ẹ̀yìnkùlé dànù yí abà po.

Yí abà po kọ́ o. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Lápá odò, lẹ́yìn yàrá Fàtímọ̀ gan-an, koríko kan wà tó ga ju ènìyàn lọ. Làmídì ló dá a sí. Ó ti rí ẹsẹ̀ òyà níbẹ̀, ó sì fẹ́ kí ẹran náà máa sanra de òun. "Jẹ́ kó wà," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Ẹran ọbẹ̀ rẹ ló ń sùn níbẹ̀." Fàtímọ̀, tí ọ̀fun rẹ̀ kò kọ òyà rí, rẹ́rìn-ín, ó panu mọ́. Ojú ìyá kò ríran jìnnà mọ́. Nígbà tí wọ́n béèrè bóyá ibi gbogbo ti mọ́, òun ló dáhùn pé ó ti mọ́ tónítóní.

Eérú kẹta bọ́ sí i lápá. Ó gbóná.

Ó sáré yí sẹ́yìn ilé. Afẹ́fẹ́ ti yí padà. Èéfín tó yẹ kó máa lọ síwájú ti kọrí sí abà, iná sì ń bọ̀ lẹ́bàá odò, ó ń ta pàrà pàrà. Kò sí ọkùnrin kan nílé. Inú koríko òyà ni iná yìí yóò gbà. Láti ibẹ̀, òrùlé rẹ̀. Láti òrùlé rẹ̀, àká. Gbogbo èbù ọdún tó ń bọ̀ wà nínú àká yẹn. Ogun Ìjàyè ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, kò sí oko tí wọ́n ti lè rí òmíràn tọrọ.

Ó padà sọ́dọ̀ ìyá, ó kúnlẹ̀ sínú amọ̀. "Ìyá, ẹ dárí jì mí. A ò ro apá odò. Òyà la tìtorí ẹ̀ dá a sí. Irọ́ ni mo pa fún yín, iná sì ti dé ìdí ọ̀pẹ etí odò."

Ìyá Làmídì kọjú sí apá ibi tí èéfín ti ń bọ̀. Fàtímọ̀ ń retí èébú, èébú ì bá sì tù ú lára.

"A ò lè ro ó mọ́ nìyẹn," ni wọ́n wí. "Lẹ́yìn koríko, kí ni iná máa rí jẹ?"

Fàtímọ̀ mọ ìdáhùn, ó kàn ń dùn ún láti sọ ọ́ ni. Odidi oṣù kan ni Làmídì fi bo òrùlé yẹn kó tó gbé Fàtímọ̀ níyàwó, koríko bẹẹrẹ tó fi bò ó ṣì ń pọ́n, gbogbo abà ló ń yìn ín.

"Òrùlé mi ni," ló wí.

Kò gun òrùlé rí láyé rẹ̀. Ó so ìró gírí, ó gun àkàbà, ó ń fi ọ̀bẹ gé okùn, ó ń fa bẹẹrẹ náà ya, ó ń jù ú sílẹ̀. Mùjíbátù, ìyàwó ẹ̀gbọ́n Làmídì, ń kó o sá lọ sójúde. Ìyá dúró ti àká, wọ́n ń bomi sí i lára bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Iná wọ koríko òyà, ó bú ramúramù. Òyà kan já jáde, ó sanra lóòótọ́, ó gba àárín ẹsẹ̀ Mùjíbátù kọjá, kò sì sẹ́ni tó ráyè tirẹ̀. Ìdì bẹẹrẹ tó kẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ ni Fàtímọ̀ fò sọ̀kalẹ̀. Ẹyinná ń já lu àjà. Amọ̀ tútù ló ń bá, ó ń kú. Iná lá ògiri títí, kò rí nǹkan kan jẹ, ó rẹlẹ̀.

Ìgbà tí àwọn ọkùnrin sáré dé, àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jókòó sílẹ̀, wọ́n dúdú bí ìdí ìkòkò. Làmídì wo àjà amọ̀ tó wà lóòrùn láìsí òrùlé.

"Ta ló ṣí òrùlé mi?"

"Ẹni tó ni ín ni," ni ìyá rẹ̀ dáhùn. Wọn ò fi ohunkóhun kún un, wọn ò sì mẹ́nu ba irọ́ kankan.

Làmídì wo àká, ó wo ibi tí koríko wà tẹ́lẹ̀, ó wá wo ìyàwó rẹ̀ títí. Ó yọ fìlà, ó fi nu ojú.

"Òyà yín ní ká bá òun kí yín, ọkọ mi," ni Mùjíbátù wí, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín, Làmídì pàápàá.

Nígbà tí wọ́n kírun ìrọ̀lẹ́ tán, Fàtímọ̀ wọ yàrá lọ mú ẹní, torí pé ọ̀dọ̀ ìyá ni wọn yóò máa sùn títí òrùlé tuntun yóò fi dé. Ibẹ̀ tutù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ wà, ẹtù méjì àti àwọn kíjìpá tí ìyá tó bí i fún un, eruku amọ̀ lórí wọn. Ó dúró wò ó. Wọ́n ní bí iná bá ń jó ni, tó ń jó ọmọ ẹni, ti ara ẹni là ń kọ́kọ́ gbọ̀n. Aṣọ yìí kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn. Ní gbogbo ìgbà tó wà lókè yẹn, èbù ló ń rò, èbù ilé rẹ̀. Ó yà á lẹ́nu, inú rẹ̀ sì dùn gan-an. Ó gbé ẹní há abíyá, ó jáde lọ jẹun.