A Kì Í Ka Ohun Tí A Ń Tẹ̀

"Kí ló dé tí o ń wo dùndú bíi pé ó bú ẹ?" Rebecca bi í, bó ṣe ń yí iṣu padà nínú epo gbígbóná.

Ọmọ́wálé ti jẹ ìdajì, ìdajì tó kù wà lọ́wọ́ rẹ̀ lórí pépà tí Rebecca fi wé e. Epo ata ti mu pépà náà, ó ti dé ibi tí ojú ọmọbìnrin kan wà láàárín àwòrán àwọn ọmọ ilé ìwé mélòó kan. Ọmọbìnrin náà ni Moyọ̀sọ́lá, àbúrò rẹ̀.

Kì í ṣe ẹni tó jọ ọ́ o. Àpá ẹ̀gbẹ́ ojú òsì, èyí tó gbà nígbà tó fi orí kan ilẹ̀kùn ní kékeré, wà níbẹ̀ kedere. Ó dúró nídìí ẹ̀rọ omi ilé ìwé wọn ní Bàrígà, ó wọ ṣòkòtò eré ìdárayá, ó di síkẹ́ẹ̀tì yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó ń fọ̀ ọ́. Ó gbójú sókè bí ẹni tó ń wò bóyá ẹnì kan ń bọ̀. Àbààwọ́n pupa tó wà lára síkẹ́ẹ̀tì náà hàn débi pé afọ́jú á mọ̀ pé nǹkan oṣù ló bá ọmọ náà lójijì. Lókè orí rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí, lẹ́tà gàgàrà: ÀWỌN TÍ KÁMẸ́RÀ MÚ. Nísàlẹ̀: Ọ̀BÙN TÓ Ń FI OMI ILÉ ÌWÉ ṢÒFÒ.

"Sista Rebecca, níbo lẹ ti rí pépà yìí?"

"Níbo kẹ̀? Ṣebí ìwọ lo kó o wá láàárọ̀. O ní kí n gbà á, kí n fún ẹ ní dùndú." Ó na síbí sí i. "Má wulẹ̀ sọ pé o fẹ́ gbà á padà. Mo ti fi wé fún àwọn oníkẹ̀kẹ́ méjì tó ń lọ Igbóbì. Kí ló dé? Ta lo rí níbẹ̀?"

"Kò sí."

Ní Ṣómólú, kò sí pépà tó ń ṣòfò. Iṣẹ́ yòówù kí wọ́n tẹ̀, pépà tó bá kọ́kọ́ jáde kí àwọ̀ tó dọ́gba, àwọn alákàrà àti ẹlẹ́pà, títí kan ẹni tó ń ta bísíkíìtì tó jóná, ló ń gbà á. Èèyàn lè jẹ àkàrà lórí ojú kánsílọ̀, kó fi ìwé ìsìnkú nu ọwọ́, kó sì kó egungun ẹja sórí ìwé ìpè ìgbéyàwó tí wọ́n ti ṣi orúkọ ọkọ kọ. Bí àdúgbò ṣe ń yí nìyẹn, ẹnikẹ́ni kì í bínú.

Ọmọ́wálé sì ni ọba àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ lójoojúmọ́. Ó ní láti Ladi-Lak títí dé Igbóbì, kò sí ẹni tó mọ máṣíìnì bí òun. Pé tí òun bá tẹ òkun sórí pépà, kí wọ́n tètè gbé àwọ̀n wá, ẹja á bọ́. Máṣíìnì ọ̀hún ń pariwo débi pé àwọn òkú tó wà ní Àtàn ń fọwọ́ dí etí, àmọ́ òun á gbọ́ ọ láàárín ariwo náà tí íǹkì bá fẹ́ tán. Ẹni tó mọ iṣẹ́ tó báyẹn ni ojú àbúrò rẹ̀ gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá ní ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárọ̀, tí kò sì rí i. Ẹni tó ń tẹ̀wé kì í wo ojú. Etí pépà ló ń wò. Àwọ̀ ló ń wò.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ yìí ló wá sọ sí i lọ́kàn. Láàárọ̀, pupa tó wà láàárín pépà náà kò mú tó lójú rẹ̀. Ó dá máṣíìnì dúró, ó da íǹkì pupa kún un, ó gbé ẹyọ kan sókè sí ìmọ́lẹ̀. "Ẹ wá wo pupa," ló sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá."

Ó sáré dé etí gọ́tà. Gbogbo dùndú tó jẹ padà jáde, ó dà bíi pé oúnjẹ tó jẹ láti ọdún tó kọjá tẹ̀ lé e.

"Ẹ bá mi gbọ́ o," Rebecca sọ fún àwọn tó dúró, "kì í ṣe iṣu mi."

Ọmọ́wálé nu ẹnu. Ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì Rebecca, ó kó gbogbo pépà tó kù níbẹ̀ mọ́ra, èébú obìnrin náà sì ń tẹ̀ lé e títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀.

Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, Ọ̀gbẹ́ni Adébọ̀dé, igbákejì ọ̀gá ilé ìwé náà, ti jókòó sórí àga tí wọ́n máa ń gbé fún oníbàárà gidi. Àwọn póósítà náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ti so wọ́n ní ìdì-ìdì. Alhaji Mahmood tó ni ṣọ́ọ̀bù ń rẹ́rìn-ín sí i bíi pé ọkùnrin náà ló gbé òun lọ Mẹ́kà.

"Ọmọ́wálé, wá kí ọ̀gá. Wọ́n ní iṣẹ́ ẹ mọ́."

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, kámẹ́rà ilé ìwé yín yẹn, kí lẹ gbé e sí ìdí omi fún?"

"Olè ni," Adébọ̀dé dáhùn. Ó ń da ẹ̀pà sẹ́nu. "Orí ẹ̀rọ omi ni wọ́n ń jí. A fi tuntun sí i lónìí, tó bá fi máa di ọ̀la wọ́n ti tú u lọ. La bá gbé kámẹ́rà kọ́ sórí igi mángòrò, a dojú ẹ̀ kọ ọ́."

"Ṣé ẹ ti wá mú olè náà?"

"Olè ò tíì wá." Ikùn rẹ̀ mì bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. "Àmọ́ mò ń rí nǹkan míì o. Wò ó." Ó fa fóònù yọ, ó ń fi ìka ẹlẹ́pà fa ojú rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Àtàǹpàkò náà lómi, ó ń fi ipa sílẹ̀ lójú fóònù bí ibi tí ìgbín gbà kọjá. "Ibi yòówù kí n wà, mò ń wò wọ́n. Nínú mọ́tò. Ní ṣọ́ọ̀ṣì. Láàárọ̀ yìí, orí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo fi ń wo ẹni tó ń jẹun kí agogo tó lù."

Alhaji rẹ́rìn-ín sí i. Ọmọ́wálé wo ẹ̀pà tó lẹ̀ mọ́ eyín ọkùnrin náà.

"Ọmọ tó wà láàárín ńkọ́, sà? Èyí tó ń fọ aṣọ. Kí ló ṣe?"

"Ọ̀bùn ni. Kí ló dé tí kò lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀? Mọ́ńdè, èmi fúnra mi ni mo máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu géètì, kí wọ́n fi kọ́gbọ́n. Ìtìjú ò pa ọmọdé. Táàmù tó kọjá a lẹ àwòrán ẹnì kan, a ò tún rí i nílé ìwé mọ́ títí dòní." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ bí òun ṣe lé eku jáde nínú ilé.

"Sà, ẹ jẹ́ n yọ ọ́. Màá tún un tẹ̀ láìsí i níbẹ̀."

"Ọmọ́wálé," Alhaji pè é, ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Láti ìgbà wo lo ti ń bá mi ṣiṣẹ́? A kì í ka ohun tí a ń tẹ̀. Tí a bá ń kà á, ta la máa rí tẹ̀wé fún ní Èkó yìí? Olóṣèlú ni àbí wòlíì?"

Ọ̀rọ̀ náà dé ètè Ọmọ́wálé pé àbúrò òun ni. Ó gbé e mì. Àwòrán nìkan ni ọkùnrin yìí ní lọ́wọ́. Tí òun bá lanu, á ní orúkọ àti àdírẹ́sì mọ́ ọn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tí epo dùndú ṣì wà lára ẹ̀ fa ojú póósítà tó wà lókè. Íǹkì náà fà gbọọrọ bí ọ̀nà ẹrẹ̀.

"Kò tíì gbẹ," ló sọ. "Tí ẹ bá kó o báyìí, tó bá fi máa di Mọ́ńdè, ojú gbogbo wọn á ti di ọbẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Alhaji wo àtàǹpàkò náà, ó wo Ọmọ́wálé. Ẹni tó ti tẹ̀wé fún ìdajì ayé rẹ̀ mọ ohun tí epo ń ṣe fún íǹkì. "Ọ̀gá, ẹ wá gbé e láàárọ̀ Mọ́ńdè," ló sọ. "Ọmọ yẹn mọ iṣẹ́."

Ní Ladi-Lak, nínú yàrá kan ṣoṣo tí òun àti àbúrò rẹ̀ ń gbé láti ìgbà tí ìyá wọn ti padà sí Abẹ́òkúta, Moyọ̀sọ́lá ń ṣa ẹ̀wà. "Bọ̀dá Wálé, ẹ káàbọ̀. Ẹ̀wà ò tíì kaná o, ẹ má bẹ̀rẹ̀."

Ọjọ́ míì, Ọmọ́wálé á ti bẹ̀rẹ̀: á ròyìn bí máṣíìnì ṣe fẹ́ gbé òun mì tí òun gbá a létí. Lónìí, ó gbé pépà olóròóró náà síwájú rẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

Moyọ̀sọ́lá wò ó. Ó wò ó pẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀wà.

"Ta ló tẹ̀ ẹ́?"

"Èmi ni."

"Ẹ ò rí mi níbẹ̀?"

"Mi ò wo ojú. Àwọ̀ ni mò ń wò."

"Ṣé àwọ̀ náà dáa?"

Ọmọ́wálé, tí kì í wá ọ̀rọ̀ tì, tó lè bá ògiri jà kó borí, tẹjú mọ́ ilẹ̀. Ó ní, "Igbákejì ọ̀gá yín ní kí ló dé tí o ò lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀."

"Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wo? Èyí tí kánsílọ̀ kọ́? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gé rìbọ́ọ̀nù ẹ̀ ni wọ́n ti fi àgádágodo tì í. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ ń bẹ lápò òun fúnra ẹ̀. Wọ́n ní a máa dọ̀tí ẹ̀, pé àlejò ìjọba ṣì ń bọ̀ wá wò ó." Ó ju ẹ̀wà kan sẹ́yìn. "Gbogbo wa la mọ̀ pé kámẹ́rà wà lórí igi. Kò síbi míì tí omi wà ni. Bọ̀dá, mi ò ní lọ sílé ìwé ní Mọ́ńdè."

"Ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì ń bọ̀."

"Ẹ jẹ́ kó máa bọ̀."

Lọ́jọ́ Sátidé, Ọmọ́wálé gbé téèpù ìwọnlẹ̀ kọ́ ọrùn, ó lọ sí ilé ìwé náà. Ó ní igbákejì ọ̀gá ló ní kí òun wá wọn ibi tí wọ́n máa gbé bánà kọ́. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ò bi í ní ọ̀rọ̀ kejì. Ẹni tó bá gbé téèpù kọ́ ọrùn ní Èkó lè wọnú ilé gómìnà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà wà lẹ́yìn kíláàsì, ó mọ́ ju àwo oúnjẹ lọ. Wọ́n fi lẹ́tà oníwúrà kọ orúkọ kánsílọ̀ sára ògiri. Àgádágodo ẹnu ọ̀nà tóbi tó ìjàpá, aláǹtakùn sì ti ta òwú láti ara rẹ̀ dé ara ilẹ̀kùn. Ó tutọ́ sílẹ̀, ó yọ fóònù, ó yà á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè, kò sẹ́nikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀bù. Ọwọ́ Ọmọ́wálé ni kọ́kọ́rọ́ máa ń wà, torí òun ló ń ṣí i láràárọ̀. Ó mọ̀ pé lẹ́yìn òní kò ní sí lọ́wọ́ òun mọ́. Moyọ̀sọ́lá tẹ̀ lé e wọlé, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kò jókòó.

Ọmọ́wálé gbé àwọn ìdì póósítà náà sábẹ́ máṣíìnì tí wọ́n fi ń gé pépà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gé wọn gbọọrọ, ó yí wọn, ó tún gé wọn, títí kò fi sí èyí tó lè wé ẹyọ ẹ̀pà kan. Moyọ̀sọ́lá bu ẹ̀kúnwọ́, ó ń wá inú rẹ̀ bóyá ó ṣì máa rí ojú ara rẹ̀. Kò rí i.

"Igbákejì ọ̀gá á tún gbé iṣẹ́ náà lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì," ló sọ. "Ṣómólú kún fún máṣíìnì."

"Mo mọ̀."

Ọmọ́wálé jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó fi àkọlé ọkùnrin náà sílẹ̀ bó ṣe wà, ÀWỌN TÍ KÁMẸ́RÀ MÚ. Ó gbé àwòrán ilẹ̀kùn náà sábẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ pé: ILÉ ÌGBỌ̀NSẸ̀ ÀWỌN ỌMỌBÌNRIN. KỌ́KỌ́RỌ́ RẸ̀ WÀ LÁPÒ IGBÁKEJÌ Ọ̀GÁ. Ó ṣe pléètì, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, ó dè é mọ́ máṣíìnì, ó kó pépà sí i. Èyí tó máa dé ọ̀dọ̀ Rebecca nínú rẹ̀ á pọ̀ tó láti wé dùndú gbogbo Bàrígà.

Ó na ọwọ́ sí bọ́tìnì. Moyọ̀sọ́lá di ọwọ́ náà mú.

"Ẹ kọ́kọ́ kà á."

Ọmọ́wálé mú ẹyọ kan tó ti kọ́kọ́ tẹ̀ jáde láti ara kọ̀ǹpútà. Ó kà á sókè, lẹ́tà lẹ́tà, bí ọmọ pámárì wáànù. Lẹ́yìn náà ó wo àwòrán náà láti igun dé igun, abẹ́ ilẹ̀kùn, ara gíláàsì fèrèsé, inú àgádágodo tó ń dán. Kò sí ojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ó wá tan máṣíìnì.