Adìyẹ Ń Sanra ní Ìjù

Nígbà tí oúnjẹ di ọ̀wọ́n gógó, Akínlolú àti Monílọ́lá ìyàwó rẹ̀ gbé Olúwakẹ́mi, ọmọ wọn kan ṣoṣo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn, lọ bá ìyá Akínlolú ní Oǹdó. Wọ́n ní fúngbà díẹ̀ ni. Bí adìyẹ tí Monílọ́lá ń sìn nílé wọn ní Ìjù bá ti gbé wọn dìde, yóò lọ mú ọmọ rẹ̀ wálé.

Ní ṣọ́ọ̀bù kan ní òpópónà Arakale ni wọ́n ti fi ìyẹ̀fun kan hàn án. Wọ́n ní kòkòrò àìfojúrí tó ń ṣe inú adìyẹ lóore ló wà nínú rẹ̀, pé oúnjẹ díẹ̀ ni adìyẹ yóò jẹ tí yóò fi tóbi. Ta ni yóò gba irú ìyẹn gbọ́? Monílọ́lá pín adìyẹ rẹ̀ sí méjì, ó po ìyẹ̀fun náà sómi apá kan. Kò pẹ́ tí àwọn yẹn fi sanra débi pé wọ́n ń wọ́ àyà nílẹ̀. Ayọ̀ pa á lẹ́kún.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sin adìyẹ kì í ti àgbàlá aládìyẹ mìíràn bọ̀ kó wọ ọgbà tirẹ̀, kó má baà gbé àrùn wọlé. Adìyẹ ìbílẹ̀ sì kún àgbàlá ìyá ọkọ rẹ̀ fọ́fọ́. Akínlolú, tí kì í wọ ọgbà, ló ń lọ wo ọmọ. Ó bẹ ìyàwó rẹ̀ títí pé kó lọ, kó fọ ẹsẹ̀, kó pààrọ̀ aṣọ tó bá dé. Obìnrin náà kọ̀ jálẹ̀, agídí rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ìfẹ́ ọmọ ló sì fi ṣe é, ìyẹn ló dunni jù.

Ó ta ọ̀wọ́ kan, ó kó òmíràn wọlé, gbogbo wọn ló ń sanra, títí ọdún kejì fi ń lọ sópin. Nígbà tí ọwọ́ wọn wá tẹnu, ó ra bàtà pupa fún ọmọ, ó wọ mọ́tò Oǹdó.

Ó bá Olúwakẹ́mi níwájú ilé, tó ń da àgbàdo fún adìyẹ. Monílọ́lá na ọwọ́ sí i. Ọmọ náà kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́.

“Ẹ káàbọ̀, mà. Mọ́mì mi ò sí nílé. Wọ́n lọ sọ́jà.”

Ọmọ náà gbé àpótí fún un. Monílọ́lá jókòó tòun ti omijé, ó ń dúró de ìyá ọkọ rẹ̀, ìyá tí ọmọ náà mọ̀.