Kí N Tó Dé Jésù

Ó tún ti lọ. Ó tún ti lọ kí n tó dé Jésù.

"Ní orúkọ" ni mo ṣì wà tí ìbọn fi dún kẹ́. Òfìfo ni, kò sí ọta nínú rẹ̀, ògiri yàrá ni mo ń yìn ín sí, níbi tí mo lẹ àmì dúdú mọ́ lábẹ́ kàlẹ́ńdà ìjọ. Ṣùgbọ́n lọ́la kì í ṣe ògiri. Lọ́la ni wọ́n máa ṣa àwọn tó máa fi ìbọn atẹ́gùn ìléwọ́ ṣojú Ìpínlẹ̀ Èkó níbi ìdíje, àyè obìnrin kan ṣoṣo ló sì kù, èmi àti Gift la jọ ń wò ó. Èmi, tíṣà Bíbélì ní Ìṣẹ̀rí, ìyá ọlọ́mọ. Gift, tí ojú rẹ̀ mú bíi ti àṣá…

Tún un gbé.

Ní orú— kẹ́.

Tírígà àtijọ́, irin tí ìka ń fà, kì í ṣe báyìí. Ó wúwo, ó gùn, ó máa ń wọ́ bíi géètì ilé tí a háyà yìí. Bí ìka mi bá ti kàn án, mo ti bẹ̀rẹ̀: Ní… ó ń bọ̀… orúkọ… ó ń bọ̀… Jésù! Tà! Ọta jáde pẹ̀lú Orúkọ tó ju gbogbo orúkọ lọ. Bí mo ṣe ń yìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Inú ọkàn ni mo ti ń sọ ọ́ o, ṣùgbọ́n ọkàn náà ní ìrìn tirẹ̀.

Kóòṣì Ọláníyan ló gbé tuntun yìí wá. Ó ní mò ń fa ti àtijọ́ bí ẹni ń fa omi nínú kànga. Èmi fúnra mi ni mo tú ìbọn lórí tábìlì oúnjẹ, mo yọ ti àtijọ́, mo de tuntun mọ́ ọn, mo ń yí sìkúrúù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi gbé òṣùwọ̀n tí àwọn adájọ́ máa so kọ́ ọn lọ́la, kí wọ́n lè mọ̀ pé kò fúyẹ́ jù, láì yìn. Ó kàn gbé e ni ṣá. Bí mo bá tún dẹ̀ ẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé. Mo yọ̀ bí ẹni tó ra fíríìjì. Àṣé…

Ká gé àdúrà kúrú. Jésù nìkan. Orúkọ náà nìkan tó.

Jé— kẹ́.

Jé. Jé kí ni? Jesebẹ́lì náà, Jé ni. Jeroboámù, Jé ni. Èwo nínú wọn ni mo wá rán tẹ̀lé ọta?

Mo ń rẹ́rìn-ín. Kò yẹ kí n máa rẹ́rìn-ín.

Ká dá àtijọ́ padà? Ó wà nínú agolo mílíìkì lórí fèrèsé, mo lè dè é kí ìrẹsì tó jinná. Màá pe Jésù mi dé òpin. Ọta á sì máa lọ sí ìsàlẹ̀ lápá òsì, bó ṣe máa ń lọ. Orúkọ ń bá a lọ, ó sì ń lọ sí òsì… rárá. N kò fẹ́ ronú débẹ̀.

Bàbá Testimony, ọkọ mi, ní tirẹ̀, nígbà tí mo ń ráhùn láàárọ̀: "Ṣé inú tírígà àtijọ́ yẹn lo fi Jésù pamọ́ sí ni?" Ó sọ ọ́, ó tún bu ṣúgà sógì. Mo bínú sí i. Mo ṣì ń bínú, díẹ̀.

Ti àná gan-an ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ní pápá, gbogbo ọta tí mo fi àdúrà sáré lé, wọ́n fọ́n ká bí àgùntàn tí kò ní olùṣọ́. Ọ̀kan ṣoṣo ló wọ àárín gbùngbùn, máàkì mẹ́wàá pérépéré, èyí tí n kò tíì bẹ̀rẹ̀ àdúrà rẹ̀ rárá. Mo ṣì ń mí ni, ó lọ. Mo ní kí kóòṣì má ka ìyẹn, pé n kò tíì ṣetán. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. "Tíṣà, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó bá yín lójijì. Bí ẹ bá ti mọ ìgbà tó máa lọ, ẹ ti ti ìbọn sẹ́gbẹ̀ẹ́."

Bí ẹ bá ti mọ ìgbà tó máa lọ…

Bí olè lóru. Ohun tí mo kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi nìyẹn jàre: wákàtí náà, ẹnìkan ò mọ̀ ọ́n. Èmi mọ tèmi. Èmi dá wákàtí fún un, lórí "sù". Bí mo bá ti dé "sù", mo já a—

Òsì. Ìsàlẹ̀ lápá òsì. Háà… "sù" ni mo fi ń tì í síbẹ̀.

Ṣé mò ń pè É ni, àbí Orúkọ Rẹ̀ ni mo fi ń ti ìbọn?

Kí wọ́n tó pè, Òun á ti dáhùn. Mo mọ ẹsẹ Bíbélì yẹn sórí. Mo ti fi jẹ́rìí níwájú ìjọ, tí wọ́n pàtẹ́wọ́. Àná ló wá ṣẹ lójú mi kòrókòró, mo ní kí wọ́n má kà á.

Ó dáa. Kí n pè É kí n tó gbé ìbọn kúrò lórí tábìlì. Gbogbo rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí dé Àmín. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ọkàn mi panu mọ́.

…Àmín. Mo gbé e. Àmì dúdú. Èémí. Ìka… ẹ̀rọ ìlọta Ìyá Fàdìlàt aládùúgbò wa ń ké níta, ó ń ké… mi ò gbọ́ ọ mọ́… mi ò…

Kẹ́.

Orí ìbọn kò mì. Agolo mílíìkì ṣì wà lórí fèrèsé.

Ó tún ti lọ kí n tó dé Jésù. Mo débẹ̀, mo bá A níbẹ̀.