Yàrá Mẹ́ta fún Màmá Victor

Ká ní ẹ rí Victor lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tó ń ra máńgòrò ní ọjà Petit Marché ní Niamey láìgbọ́ èdè Zarma kankan, ẹ̀yin náà ì bá fẹ́ ẹ. Mo bá a ná ọjà náà. Ìdajì iye tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ló san. Ó wò mí bí ẹni tí mo gbà lọ́wọ́ ikú, ọkàn mi sì kúrò lọ́wọ́ mi láti ìṣẹ́jú náà.

Lẹ́yìn ọdún méjì, ó ní òun fẹ́ kí ẹbí òun wá mọ ẹbí mi. Èmi Tẹ́júọlá, tí wọ́n bí sí àdúgbò Banifandou ní Niamey, tí mo fi Faransé kàwé láti kékeré títí dé yunifásítì, inú mi dùn débi pé oúnjẹ kọ̀ láti wọlé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fẹ́ ba adùn náà jẹ́. Victor ṣèèṣì tẹ ohùn tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ níwájú mi.

"Victor, mi ò ní o má fẹ́ ẹ o. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n bí sílẹ̀ Faransé, ṣé ó mọ ilé? Ṣé ó mọ bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ará ilé ọkọ? Ó dáa, sọ fún un kó wá ibi tí a máa sùn fún wa, torí àna kì í kọ́kọ́ sun ilé àna. Mi ò fẹ́ ilé olówó, mi ò sì fẹ́ ilé ẹ̀fọn. Ibi tó bá kó wa sí ni n ó fi mọ irú ẹni tó jẹ́. Bí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, a ó kí wọn, a ó jẹun wọn, a ó sì padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ láìsọ nǹkan kan."

Victor sáré pa á, ṣùgbọ́n etí mi ti gbé e.

"Ìfẹ́ mi, má da Màmá lóhùn," ó ní. "Jẹ́ ká gba òtẹ́ẹ̀lì ńlá etí odò yẹn, kí gbogbo wọn panu mọ́."

"Ṣé o ò gbọ́ ni? Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ilé olówó. Tí mo bá kó wọn síbẹ̀, àpà ni wọ́n á pè mí. Fi í sílẹ̀ fún mi."

"Tẹ́jú, o mà le o."

"Inú ọjà lo ti rí mi. O mọ̀ pé mo le kó o tó gbé mi."

Oṣù kẹrin la wà, nígbà tí oòrùn Niamey máa ń múni bí ẹni pé ó ní ìjà pẹ̀lú wa. Lórí fóònù, kò sí òtẹ́ẹ̀lì tí kò dára: ibùsùn funfun báláú, òdòdó pupa lórí ìrọ̀rí, bí ibi tí olólùfẹ́ méjì ti ń sá fún ayé. Mo ti fẹ́ tẹ ọ̀kan nígbà tí ìyá mi gba fóònù náà lọ́wọ́ mi.

"Fọ́tò kì í làágùn," ìyá mi wí. "Dìde, kó o lọ fojú rẹ rí i. Má sì lọ láàárọ̀ o! Láàárọ̀, gbogbo yàrá ló tutù. Aago méjì ọ̀sán ni kó o lọ. Jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kó o ti ilẹ̀kùn, kó o wo bóyá wàá fẹ́ sá jáde."

Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Èyí àkọ́kọ́ kò jìnnà sí Petit Marché, owó rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n fèrè takisí àti ariwo ọ̀kadà kò jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí mò ń rò nínú ọkàn mi, ẹ̀rọ omi òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó pọ omi aláwọ̀ ilẹ̀. Èyí kejì rẹwà, ó rẹwà débi pé mo rí ara mi àti Victor tí à ń jó nínú gbọ̀ngán rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínlọ́gbọ̀n owó sẹ́fà lálẹ́ kan. Mo bi wọ́n nípa oúnjẹ àárọ̀. Ọ̀tọ̀ ni. Owó orí àlejò ńkọ́? Ọ̀tọ̀ ni ìyẹn náà. Mo kí wọn, mo jáde.

Lamordé ni mo ti rí ẹ̀kẹta, lódìkejì odò, nítòsí yunifásítì. Àwọn olùkọ́ tó ń ti ìlú mìíràn wá ló máa ń sùn síbẹ̀. Ilé náà kò ga, kò ní dígí tó ń dán, àmọ́ igi dógóyárò mẹ́ta ló ń ṣíji bo àgbàlá rẹ̀, wọ́n sì ti gbá abẹ́ wọn mọ́ tónítóní. Obìnrin tó jókòó nídìí ìwé àlejò, Hàdìzà lorúkọ rẹ̀, ṣí yàrá kan fún mi. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ti ilẹ̀kùn. N kò tíì jókòó pẹ́ tí iná lọ. Ẹ gbà mí gbọ́, inú mi dùn! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìṣẹ́jú àáyá tí iná yóò fi padà. Mo ka méjìdínlógún, jẹnẹrétọ̀ sọ, kì í sì í ṣe gílóòbù nìkan ló gbé bíi ti ọ̀pọ̀ ibi: ẹ̀rọ amúlétutù náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í mí.

Mo padà sọ́dọ̀ Hàdìzà. Ó ní ẹgbẹ̀rún méjìlélógún. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi, àwọn olùkọ́ ti gba ìsinmi, yàrá yín ṣófo, èmi sì fẹ́ gba yàrá mẹ́ta fún alẹ́ mẹ́rin. Ó ní mo ń fẹ́ pa òun. Mo ní ẹni tó ń fẹ́ kọ́kọ́ rí ọkọ ni mí, n kò ní àkókò láti pa ènìyàn. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún la parí ẹ̀ sí, pẹ̀lú oúnjẹ àárọ̀, pẹ̀lú owó orí. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó kọ ọ́.

"Orúkọ àwọn àlejò?"

Victor ti fi fọ́tò pásípọ́ọ̀tù àwọn mẹ́ta tó ń bọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo ṣí i. Mo la ẹnu. Mo tún pa á dé.

Nílé wa, ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Orúkọ tó bá wù ú ló máa fún wọn. Títí di òní, ìyá mi ṣì ń pe àbúrò bàbá mi, tí gbogbo orí rẹ̀ ti pá, ní "Ọkọ Mi Kékeré". Victor nìkan ni èmi ń pè lórúkọ, ìfẹ́ ló fàyè gba ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀? Ilé tí mò ń fi ojoojúmọ́ gbàdúrà pé kí n wọ̀, ṣé kí n ti ẹnu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ wọn fún àjèjì?

"Kọ Màmá Victor," mo ní. "Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni yàrá kejì, kọ Bàbá Àgbà." Ó ku àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí mo ti rí ẹ̀rín rẹ̀ nínú fọ́tò. "Èyí tó kù, kọ Eyínfúnjowó."

"Ṣé ohun tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù wọn nìyẹn?"

"Rárá. Ohun tí mò ń pè wọ́n nìyẹn."

Hàdìzà wò mí títí. "Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti wà nílé ọkọ," ó ní, "mi ò tíì pe orúkọ bàbá ọkọ mi rí. Ó ti yé mi." Ó kọ ọ́. Mo san àsansílẹ̀, mo rìn jáde bí olorì.

Ohun tí n kò rò ni pé kì í ṣe Hàdìzà ló máa ń jókòó níbẹ̀ lójoojúmọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni ọkọ̀ wọn wọlé, lẹ́yìn ọjọ́ méjì lójú ọ̀nà. Victor ló lọ pàdé wọn. Èmi wà nílé ní Banifandou, wọ́n ń dirun mi lọ́wọ́ nígbà tí ó pè.

"Tẹ́jú, wọ́n ní orúkọ wa ò sí níbí. Màmá ti ní ká máa wá mọ́tò tó ń padà."

Bí mo ṣe fi ìdajì orí jáde nìyẹn, mo so ìborùn mọ́ ọn, mo wọ takisí. Oòrùn ń wọ̀ sínú odò nígbà tí a dé orí afárá, omi náà pọ́n bíi wúrà. Lọ́jọ́ mìíràn n ó ní kí awakọ̀ dúró. Lọ́jọ́ náà, mo ní kó sáré.

Màmá Victor jókòó sórí báàgì rẹ̀, gèlè rẹ̀ ti yọ̀ sẹ́yìn. Victor ń làágùn. Ọkùnrin tó wà nídìí ìwé àlejò lọ́jọ́ náà, Àbdùlkàdírì, to pásípọ́ọ̀tù mẹ́ta síwájú, ó ń yí ojú ìwé. Mo fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀.

"Ẹ kú ewu ọ̀nà mà. Ẹ kú ewu ọ̀nà sà."

"Ìwọ ni?" Màmá wò mí látòkè délẹ̀. "Ìwọ lo ní ká wá jókòó sórí ẹrù bí ẹni tí ilé rẹ̀ jó? Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ wá níbí."

"Màmá, ẹ jẹ́ kó mí ná," Eyínfúnjowó wí.

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti fi Faransé bẹ Àbdùlkàdírì pé kó ka orúkọ àwọn tí wọ́n ń retí lónìí sókè. Ó fi ìka tọ ìlà.

"Yàrá kẹrin, Màmá Victor. Yàrá karùn-ún, Bàbá Àgbà. Yàrá kẹfà…" Ó gbé ìwé súnmọ́ ojú. "E… Eyín… fún… jowó."

Eyínfúnjowó fi ọwọ́ bo ẹnu, Bàbá Àgbà sì bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Ọmọ yìí ti ń ka eyín rẹ láti òkèèrè!"

Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde díẹ̀díẹ̀.

"Ta ló ní kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni mà."

"Victor ò sọ orúkọ mi fún ọ?"

"Ó sọ ọ́ mà. Ó wà nínú fóònù mi."

"Kí ló wá dé?"

"Ẹ má bínú mà. Ẹnu mi ò gbà á."

Bàbá Àgbà ló fọhùn. "Ẹ wò ó, àwọn ìyàwó ilé wa l'Ógbómọ̀ṣọ́, orúkọ mi gan-an ni wọ́n ń pè láàárín àgbàlá. Èyí tó kéré jù tiẹ̀ ń pè mí ní àńkù!"

Màmá Victor tún gèlè rẹ̀ wé. Ó rìn dé iwájú Àbdùlkàdírì, ó lu àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Fi Faransé rẹ yẹn sọ fún un pé èmi ni Màmá Victor. Bí pásípọ́ọ̀tù bá ní òun ò mọ̀ bẹ́ẹ̀, kí pásípọ́ọ̀tù lọ tún ara ẹ̀ kọ!"

Mo túmọ̀ rẹ̀. Àbdùlkàdírì rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Òun fúnra rẹ̀ ló wo orúkọ inú pásípọ́ọ̀tù, tó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ẹ má retí pé n ó kọ ọ́ síbí.

"Dìde," Màmá wí fún mi. "Orúnkún rẹ á bó."

Ó wọ yàrá rẹ̀. Ó tẹ bẹ́ẹ̀dì, ó ṣí omi, ó fọwọ́ kan aṣọ fèrèsé, ó sì bi mí ní iye owó. Mo sọ ọ́.

"Pẹ̀lú oúnjẹ àárọ̀?"

"Pẹ̀lú oúnjẹ àárọ̀ mà."

"Ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ bẹ́ẹ̀ ti lọ sunkún nílé." Ó lé wa jáde pé òun fẹ́ wẹ̀.

Kò wẹ̀. Èmi àti Victor ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tí a gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù, bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ láìlo ẹ̀rọ.

"Mo ní wọn ò kọ orúkọ mi! Màmá Victor ni wọ́n kọ, gbàgàdà, sínú ìwé òtẹ́ẹ̀lì! Ta ni? Ìyàwó mi ni! Ọmọ tó gbọ́ Faransé bí ẹni mumi! Ẹ lọ sọ fún àwọn ìyàwó tẹ̀yin!"

Victor fà mí mọ́ra. Òórùn ẹrù ọ̀nà jíjìn tó bá wọn gbé wà lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. "Ṣé o gbọ́?" ó wí sí mi létí. "'Ìyàwó mi' ni wọ́n pè ọ́."

"Mo gbọ́," mo ní. "Dákẹ́, jẹ́ kí wọ́n tún un wí."