Pèrègún Tí Ọkọ Mi Pè Ní Igbó

Ẹ fún mi lọ́bẹ kan níbẹ̀ jàre, kí n máa bá yín bó pákí yìí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Àlá kan ló lá mi lóru àná. Èmi kọ́ ni mo lá a. Ẹ má sì wò mí pé mo ń pe ọkọ mi ní "ó" lónìí. Inú ló ń bí mi.

Oṣù mẹ́ta péré la dé abà yìí láti Ìbàdàn, èmi, Bàbá Ìbídùn, Ìbídùn ọmọ ọdún mẹ́rin, àti ọmọ ọwọ́ tó wà lẹ́yìn mi yìí. Bàbá tó bí ìyá ọkọ mi ló ni ilẹ̀ náà. Tẹlifíṣọ̀n ni ọkọ mi ń tún ṣe ní Ìbàdàn, kò di àdá mú rí láyé ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí a dé, ó ní òun fẹ́ tún ẹ̀yìn ilé ṣe. Kí ló kọ́kọ́ hú? Pèrègún! Pèrègún tí bàbá ìyá ẹ̀ àti Bàbá Láwọyin tó bá wa pààlà jọ gbìn, kí ilẹ̀ oníkálukú lè hàn. Ó hú gbogbo ẹ̀ tìdítìdí, ó kọ ebè lé ojú ibẹ̀, ó ní igbó ni. Àìmọ̀kan-mọ̀kàn ní í mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Bàbá Láwọyin ní ó dáa bẹ́ẹ̀, nígbà tí kò sí ààlà mọ́, òun rántí pé ilẹ̀ òun dé ògiri yàrá wa. Àwọn àgbà abà ní àwọn ń bọ̀ wá wò ó láàárọ̀ òní. Ìbínú yẹn ni mo gbé sùn.

Mo bá ara mi níbi tí mo ti ń fọ abọ́. Téèpù gígùn tí àwọn awọnlẹ̀ ń lò gba ojú fèrèsé wọlé, kò tilẹ̀ kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ kú iṣẹ́, màdáàmù," ló wí. "Mo wá wọn yín ni."

Mo ní kó jókòó. Ó ní òun ò ní ìdí. Ó wọn ìkòkò, ó wọn ọmọ, ó wá wọn ẹnu mi.

"Ẹnu yín gùn ju ilẹ̀ yín lọ."

"Bó o bá rí irú ọkọ tí mo fẹ́, tìẹ náà á gùn," ni mo dá a lóhùn.

Ó wé mọ́ mi lọ́wọ́, ó fà mí lọ sí ọ́fíìsì ilẹ̀. Òkè orí ọ̀pẹ ni ọ́fíìsì náà ń léfòó sí, nǹkan kan ò gbé e dúró. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Ohun tó bí mi nínú ni pé wọn ò ṣe àtẹ̀gùn fún obìnrin tó pọnmọ. Mo gun ọmọ odó bí ẹni gun ọ̀kadà, mo débẹ̀.

Òṣìṣẹ́ mẹ́ta ló jókòó ti ebè iṣu kan. Ebè yẹn ni tábìlì wọn. Ọ̀gá wọn wọ awò ojú.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni mo wí, "ibo ni ilé wa parí sí?"

"Ẹlẹ́rìí yín dà?"

Ibẹ̀ ni pèrègún ti wọlé. Ṣòkòtò kákí ọkọ mi ló wọ̀.

"Ogójì ọdún ni mo fi dúró," ló wí. "Òjò pa mí, oòrùn pa mí, n kò yẹsẹ̀. Ọkọ ìwọ ọmọ yìí ní igbó ni mí. Èmi! Igbó!"

"Ẹ má bìínú, Bàbá. Oṣù mẹ́ta lèmi náà ti ń bá a jà."

Ọ̀gá kọjú sí ọkọ mi. N kò mọ ìgbà tó débẹ̀. "Ibo ni ẹlẹ́rìí yìí wà báyìí? Ta ló gbìn ín síbẹ̀?"

Iṣu sísun ló kún ọkọ mi lẹ́nu. Kò gbé e mì, kò tu ú dànù. Mo fi ìgúnpá gún un.

"Ẹ dáhùn, Bàbá Ìbídùn! Ọ̀rọ̀ ilé wa ni wọ́n ń bi yín!"

Ó ń jẹnu lọ. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Bó ṣe ń kọ ọ́ ni ọwọ́ ẹ̀ di pátákò, irùngbọ̀n yọ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di òbúkọ. Awò ojú ọ̀gá ò kúrò níbi tó wà. Wọ́n jẹ fáìlì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ téèpù.

"Màdáàmù, ẹ gbà mí!" ni téèpù ń ké.

Mo ní kó fara dà á, èmi náà ní ẹjọ́. Mo kọjú sí ọ̀gá. "Ẹ máa jẹ ẹ́, sà, àmọ́ ẹ dájọ́ fún mi ná."

Òbúkọ gbé ti ẹnu ẹ̀ mì. "Ààlà gba àárín ẹní yín kọjá. Ìkòkò wà níhìn-ín, ọmọrí ẹ̀ wà lọ́hùn-ún. Ọmọ jẹ́ ti ìhín, ọmú jẹ́ ti ọ̀hún. Mẹ̀ẹ̀ẹ́."

Ọmú tèmi kẹ̀? Orí mi gbóná! Mo fò mọ́ ọn, mo di irùngbọ̀n ẹ̀ mú, mo ń fà á. "O ò ní gba ọmú lẹ́nu ọmọ mi! O ò tó bẹ́ẹ̀!"

"Ìyá Ìbídùn, fi irùngbọ̀n mi sílẹ̀!"

Ilẹ̀ ti mọ́. Irùngbọ̀n ọkọ mi ló wà lọ́wọ́ mi. N kò bẹ̀ ẹ́.

Mo fọ ìlédìí ọmọ, mo lọ sá a sẹ́yìn ilé. Ẹ mọ òpó mẹ́rin tó di okùn aṣọ wa mú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yàrá. Ọjọ́ tí ọkọ mi hú pèrègún yẹn ló gé igi ẹ̀ tó gún jù, ó rì í mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ní kó má baà ṣòfò. Ta ni ò mọ̀ pé ibi tí wọ́n bá ri igi pèrègún mọ́ ló ti ń hù? Ọkọ mi ni. Èmi náà ń sá aṣọ lójoojúmọ́, n kò gbójú sókè. Láàárọ̀ yìí ni mo gbójú sókè. Òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti rúwé. Wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn gbọọrọ, yàrá wa wà níhìn-ín, ilé ìdáná wa wà lọ́hùn-ún.

Mo di ọ̀kan mú kí n fà á tu. Ó ti ta gbòǹgbò. Ẹnì kan húkọ́ lẹ́yìn mi. Àwọn àgbà ti dé, Bàbá Láwọyin ló ṣáájú. Bàbá fọwọ́ kan ewé, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ta ló gbin ààlà síbí?"

Mo wo ọkọ mi. Oúnjẹ àárọ̀ ló ń jẹ, iṣu wà lẹ́nu ẹ̀. Ìbídùn ló sáré jáde, inú ẹ̀ ń dùn.

"Bàbá mi ni, sà! Bàbá mi nìkan ló gbìn ín!"

Ọ̀rọ̀ ò dùn lẹ́nu ìyá olè. Wọ́n ṣì jókòó sábẹ́ igi ọsàn wa níbẹ̀ yẹn, ọkọ mi ń dọ̀bálẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlédìí ọmọ mi á sì ti gbẹ lórí okùn. Bí mo bá fẹ́ lọ ká a báyìí, ọwọ́ ta ni kí n ti gbàṣẹ?