Rédíò Ìyá Afọnfèrè

Láti àárọ̀ ni láptọ́ọ̀pù náà ti ń sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún Roheemat: òun kò rí rédíò kankan. Bẹ́ẹ̀ rédíò náà wà lórí tábìlì níbẹ̀, iná rẹ̀ ń tàn, wáyà ti inú rẹ̀ jáde wọ inú láptọ́ọ̀pù. Roheemat tún un tẹ̀. Láptọ́ọ̀pù ronú díẹ̀, ó tún sọ ohun tó sọ tẹ́lẹ̀.

"Ó lóun ò rí i," ni Felix wí lẹ́nu ọ̀nà. Felix ló ń ta láptọ́ọ̀pù àlòkù ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé èyí tí Roheemat ti ń tún rédíò ṣe ní Ìkọ̀sí. "Aunty Roheemat, ẹ ra awò ojú fún un now."

"Felix, jáde níbí."

"Ìta ni mo wà. Òjò ló ń lé mi wọlé."

Òtítọ́ ni, òjò ń rọ̀. Ó ti ń rọ̀ láti àná, kò sì jọ pé ó fẹ́ dá.

Rédíò tó wà lórí tábìlì yìí kì í ṣe èyí tí à ń fi gbọ́ ìròyìn. Irú èyí tó máa ń wà nínú ọkọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ àdúgbò Magodo ni, tí èèyàn á tẹ máíkì rẹ̀, á sọ̀rọ̀, ẹni tó wà lókèèrè á sì dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n eléyìí kò gbé inú ọkọ̀ rí. Ara ògiri yàrá Hàlímátù, ìyá Roheemat, ló ń gbé, ní Ajégúnlẹ̀ tó wà lẹ́bàá odò lẹ́yìn Owódé Onírin, níbi tí omi ti máa ń wọ ilé onílé. Bàbá Roheemat ló kàn án mọ́ ògiri kó tó kú, òun náà ló ri òpó àntẹ́nà mọ́ ẹ̀yìn ilé. Èkejì rẹ̀ wà lọ́wọ́ Reuben, apẹja kan tó ń gbé lápá òkè odò. Bí omi bá ti ru sókè lọ́dọ̀ Reuben, á pe Hàlímátù. Hàlímátù á mú fèrè rẹfirí tó fi okùn kọ́ ọrùn, á jáde sí ìta, á fọn ọ́n. Gbogbo ojúlé tó wà ní ìlà náà á dìde. Àwọn tó lágbára á gbé àwọn tí kò lè rìn, bíi Bàbá Elkanah tí rọpárọsẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Bí omi bá máa fi dé, ilé á ti ṣófo. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe Hàlímátù ní Ìyá Afọnfèrè.

Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan fi ìkéde ránṣẹ́ sórí fóònù pé omi ń bọ̀. Hàlímátù kò dúró gbọ́ ti rédíò, ó fọn fèrè. Ìlà náà sá jáde pátá. Omi kò dé. Olè ló dé. Wọ́n kó ìkòkò, wọ́n kó jẹnẹrétọ̀, wọ́n wọ́ fóòmù Bàbá Elkanah lọ lórí ibùsùn rẹ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn padà, wọ́n bú Hàlímátù bí ẹní bú ọmọdé. Àwọn kan tilẹ̀ ní òun àti àwọn olè náà ló jọ pín in. Ó dúró sáàárín wọn, ó búra: "Wàláhì, bí kì í bá ṣe rédíò ló sọ ọ́, ẹnu mi ò ní kan fèrè yìí mọ́."

Kò yẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ náà.

Àwọn agbẹ́rù ọjà Mile 12 ló wá da ọ̀rọ̀ rú. Wọ́n ra rédíò kéékèèké, wọ́n sì bọ́ sórí ìkànnì tí Reuben àti Hàlímátù ń lò. Ẹni tó bá tan rédíò, "Gbé tòmátì yẹn wá síbí, orí ẹ ò pé!" ni yóò máa gbọ́ láàárọ̀ lálẹ́. Roheemat ní kí Reuben àti ìyá òun kó lọ sórí ìkànnì mìíràn. Nígbà tí Reuben wá ta ẹja ní Mile 12, ó gbé rédíò tirẹ̀ dání, Roheemat sì yí i padà. Ó wá ku ti ìyá rẹ̀. Ìyá kò fẹ́ kí rédíò kúrò lára ògiri. Roheemat náà kò sì lọ bá a nílé, nítorí wọ́n ti jà. Ó ti ní kí ìyá òun wá bá òun gbé ní Alápẹ̀rẹ̀ títí òjò yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ìyá dáhùn pé, "Ṣé ibi tí wọ́n sin bàbá rẹ sí ni kí n fi sílẹ̀ fún omi?" Roheemat ní òkú kì í mu omi kú. Láti ìgbà náà, wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Òjò yìí ló fi tipátipá mú ìyá rẹ̀ gbà. Láàárọ̀, Afeez ọlọ́kọ̀ ojú omi gbé rédíò náà wá nínú ọ̀rá.

"Ìyá ní kí ẹ bá àwọn ṣe é kíákíá," ni Afeez wí. "Wọ́n ní kí ẹ má jẹ́ kó bọ́ o. Wọ́n ní bí ẹ bá sọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ má wá sí ìsìnkú àwọn."

"Ìyẹn nìkan ni wọ́n ní kí o sọ?"

"Ìyẹn nìkan ni mo lè sọ lójú yín."

Iṣẹ́ kékeré ló yẹ kó jẹ́. Kí wáyà wọ ihò tí máíkì ń wọ̀, kí láptọ́ọ̀pù ka ohun tó wà nínú rédíò, kí Roheemat fi ìkànnì tuntun sí i, ó parí. Ẹni tó ń mu tíì kò ní tíì mu ún tán. Ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù lóun kò rí rédíò.

Ó pa á, ó tún un tàn. Ó fa wáyà yọ, ó tì í bọ ihò mìíràn lára láptọ́ọ̀pù. Ó yọ dírafà, ìyẹn ètò kékeré tó ń jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù dá wáyà mọ̀, ó fi ti àtijọ́ sí i, torí ti tuntun kì í fẹ́ràn wáyà ayédèrú, ayédèrú sì ni gbogbo wáyà tó wà ní Kétu. Asán. Felix gbé láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ wá. Asán. Roheemat mú rédíò oníbàárà kan, ó fi wáyà kan náà sí i. Láptọ́ọ̀pù rí ìyẹn lójú ẹsẹ̀.

"Wáyà ò níṣòro," ni Felix wí.

"Mo ríran."

"Ẹ wá gbé rédíò oníbàárà yẹn fún Màmá kí wọ́n lò ó fún omi tòní."

"Bándì tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti Reuben. Rédíò tó wà lábẹ́ tábìlì yẹn náà, kò ní ìfun nínú. Rédíò ọwọ́ kò lè gbọ́ Reuben, ó jìn jù."

Felix kò tún ṣàwàdà mọ́.

Roheemat tú ìdérí rédíò. Kò rí ibi tó jóná, kò gbọ́ òórùn kankan. Ó ti máíkì bọ ihò náà, ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ jáde ketekete nínú rédíò ọwọ́ tó gbé sórí ìkànnì àwọn agbẹ́rù. Ìyẹn ni pé ihò náà dára, lójú tirẹ̀. Bí ihò bá dára, tí wáyà dára, a jẹ́ pé inú rédíò gan-an ló kú, apá tó ń bá láptọ́ọ̀pù sọ̀rọ̀. Àrá lè ti pa á. Bí àrá bá pa á, kò sí ohun tí Roheemat lè fi pààrọ̀ rẹ̀ lónìí. Ó jókòó. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí tábìlì, ó ń wò wọ́n.

Fóònù rẹ̀ dún. Ìyá rẹ̀ ni. Ó ti pè láàárọ̀, ó ti pè lọ́sàn-án, Roheemat kò gbé e, torí kò ní ìròyìn rere, kò sì fẹ́ gbọ́ èébú. Bí oníbàárà bá gbé nǹkan wá, ohun àkọ́kọ́ tí Roheemat máa ń béèrè ni pé: kí lẹ ti ṣe fún un nílé? Kì í fọwọ́ kan rédíò kankan kó tó béèrè. Ó bi àwọn ẹ̀ṣọ́ Magodo, ó bi àwọn onímọ́tò. Ìyá tirẹ̀ nìkan ni kò bi.

Ó gbé fóònù.

"Roheemat, ṣé ó ti ń sọ̀rọ̀?"

"Rárá, Màámi. Láptọ́ọ̀pù lóun ò rí i."

"Ó ṣe jẹ́? Ṣebí mò ń tọ́jú ẹ̀ ni. Bí mo ṣe ń tọ́jú bàbá ẹ náà ni mò ń tọ́jú ẹ̀. Nígbà tí àwọn irin wínníwínní inú ihò yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà, kútẹ́ẹ̀sì ni mo fi kùn wọ́n."

Roheemat dìde.

"Kútẹ́ẹ̀sì wo, Màámi?"

"Èyí tí ò láwọ̀ yẹn. Tá a fi ń kun yẹtí kó má baà dúdú. Mo ṣáà máa ń fi kun tìẹ ní kékeré, tí etí ẹ bá ń yún ẹ."

"Gbogbo irin yẹn lẹ kùn?"

"Méjì péré, àwọn tó ti ń jẹrà. Mi ò fọwọ́ kan èyí tó ṣì ń dán. Ṣé mo ṣe nǹkan tí ò dáa ni?"

Irin méjì tí máíkì kì í lò ni. Irin méjì tí láptọ́ọ̀pù fi ń ríran. Kútẹ́ẹ̀sì sì mọ́ gaara lára wọn bíi gíláàsì, ojú kò lè rí i, iná kò sì lè gba inú rẹ̀ kọjá.

"Rárá, Màámi. Omi ńkọ́?"

"Ó wà lẹ́yìnkùlé. Omi òjò lásán ni."

"Ẹ jáde níbẹ̀. Ẹ fọn fèrè, kí ẹ jáde."

"Ṣé rédíò ló sọ ọ́?"

"Èmi ni mo sọ ọ́!"

"Ìwọ kọ́ ni rédíò," ni Hàlímátù wí, ó sì pa fóònù.

Roheemat sáré lọ bá Kẹ́misọ́lá tó ń ṣe èékánná nísàlẹ̀, ó gba omi tí wọ́n fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì kúrò. Ó ki òwú bọ̀ ọ́, ó nu irin méjì náà. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó ti wáyà bọ̀ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́.

Láptọ́ọ̀pù rí rédíò.

Felix pariwo ayọ̀. Roheemat fi ìkànnì tuntun sí i, ó fa wáyà yọ, ó so rédíò mọ́ àntẹ́nà orí òrùlé. Kò tíì tẹ nǹkan kan tí ohùn Reuben fi jáde. Ohùn náà ti ha.

"Màmá Afọnfèrè, Màmá Afọnfèrè, ẹ dáhùn. Omi ti bo igi tí mo sàmì sí. Ẹ fọn ọ́n o. Màmá, mo ti ń pè yín láti àárọ̀. Ẹ fọn fèrè."

Ó tẹ máíkì. "Reuben, Roheemat ni."

"Aunty! Màmá dà?"

Ó pe ìyá rẹ̀ kó lè gbé fóònù sẹ́nu rédíò, kí ìyá fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Fóònù kò wọlé. Ó tún un pè. Kò wọlé. Ó gbé rédíò, bátìrì kékeré àti àntẹ́nà olóòfà tó ń lẹ̀ mọ́ irin sínú báàgì, ó gun ọ̀kadà.

Ní ibi tí wọ́n ti ń yà sí Ajégúnlẹ̀, ọ̀nà ti tán. Omi ló kù. Àwọn èèyàn dúró létí rẹ̀, àwọn kan gbé ọmọ, àwọn kan kò gbé nǹkan kan. Loveth, ọmọ Bàbá Elkanah, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mile 12 dé, àtẹ ata rẹ̀ ṣì wà lórí.

"Ta ló gbé Daddy mi?" ló ń bi ẹni gbogbo. "Nígbà tí fèrè dún, ta ló gbé wọn?"

"Fèrè ò dún," ni obìnrin kan wí.

"Ó máa dún ni. Ìyá yẹn kì í gbàgbé."

"Loveth, kò dún. Ẹ̀yìnkùlé ni omi gbà wọlé bá wa. Kálukú sá ni."

Ọkọ̀ Afeez yọ láàárín àwọn ilé. Hàlímátù jókòó sínú rẹ̀, ìró rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára, fèrè wà lọ́rùn rẹ̀. Orí tábìlì ni Afeez ti bá a, ó kọjú sí ògiri tí rédíò máa ń wà. Loveth wọ inú omi lọ pàdé ọkọ̀ náà.

"Daddy mi ńkọ́?"

Afeez kò fẹ́ wò ó. "Mo wọlé, Loveth. Mo wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Mo rí bẹ́ẹ̀dì, mi ò rí wọn."

Àtẹ bọ́ lórí Loveth. Ata léfòó káàkiri.

Hàlímátù sọ̀ kalẹ̀ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni di òun mú. Ó wo báàgì tó wà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

"Kí ló ṣe é?" ló béèrè. "Roheemat, kí ló ṣe rédíò yẹn?"

Gbogbo wọn ló ń gbọ́. Ìgò kútẹ́ẹ̀sì kékeré kan wà nínú ilé tí omi kún yẹn, níbi tí ìyá rẹ̀ máa ń gbé e sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìróò.

"Wáyà mi ni, Màámi," ni Roheemat wí. "Wáyà tí mo rà ni ò dáa."

Loveth yíjú sí i. "Wáyà?" Ó sún mọ́ ọn. "Torí wáyà? Roheemat, o ò ní rójú. Ìwọ àti wáyà ẹ, ẹ ò ní rójú láyé."

Roheemat gba èpè náà. Ìyá rẹ̀ ń wò ó, ó pẹ́ tó fi ń wò ó, Roheemat kò sì mọ̀ bóyá ó gbà á gbọ́.

"Tàn án," ni Hàlímátù wí.

Roheemat gbé rédíò sórí mọ́tò kan tó kú sẹ́bàá ọ̀nà, ó lẹ àntẹ́nà mọ́ òrùlé rẹ̀, ó tàn án. Reuben ṣì wà níbẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

"Màmá Afọnfèrè, ẹ fọn ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọn ọ́n."

Hàlímátù gbọ́ ọ. Rédíò ló sọ ọ́, kì í ṣe fóònù. Ó fi ọwọ́ nu ẹnu fèrè, ó kọjú sí àwọn òrùlé tó yọrí nínú omi, ó sì fọn ọ́n. Àwọn èèyàn ní kó dákẹ́. Afeez ní, "Ìyá, ó ti tó." Kò dákẹ́. Ó ń fọn ọ́n bí ó ṣe máa ń fọn ọ́n, láìyára, láìdáwọ́ dúró, kí ẹni tó jìnnà jù ní ìlà náà lè gbọ́.