Ohun tí Sístà Sọ, àti Èsì Ìyá Olóṣẹ

Ọdún méjìlélógún ni Ìyá Olóṣẹ ti fi ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn kan náà, kò sì sí àbàwọ́n tí kò mọ ibi tó ti wá. Ó mọ ti ẹ̀jẹ̀, ó mọ ti oògùn, ó sì mọ èyí tí dókítà da tíì sí tó wá ń parọ́ pé iṣẹ́ abẹ ni. Obìnrin tó sanra dáadáa ni. Bó bá rẹ́rìn-ín, ẹ ò ní gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́.

Nígbà tí olórí yàrá ìfọṣọ fẹ̀yìn tì, òun ni wọ́n ní kó máa di ipò náà mú ná. Oṣù mẹ́ta kọjá, ọ̀gá ilé ìwòsàn wá pè é sí ọ́fíìsì. Ọkùnrin tí ojú rẹ̀ le bí aṣọ tí wọ́n ta sítáàṣì sí ni ọ̀gá yìí.

"Màmá, iṣẹ́ yín ò lábùkù. Ṣùgbọ́n olórí ló ń kọ ìwé ojoojúmọ́. Ohun tí àwọn wọ́ọ̀dù bá sọ fún yín, ohun tí ẹ̀yin náà bá sọ fún wọn, lédè Gẹ̀ẹ́sì. Bí oṣù mẹ́fà bá parí tí ẹ ò lè kọ ọ́, mo máa mú ẹlòmíì wá láti ìta."

"Láti ìta kẹ̀? Ẹni tí ò mọ̀ pé ẹ̀rọ kejì máa ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, àfi kéèyàn fi ìdí tì í?"

"Màmá."

"Mo ti gbọ́, ọ̀gá."

Ó fẹ́ ipò náà. Kò ní tan ara rẹ̀ jẹ. Bí àlejò bá dé, òun á padà sídìí àpò aṣọ ìdọ̀tí, ọmọdé kan tí kò mọ ọṣẹ yàtọ̀ sí búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun á sì máa na ìka sí i. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju orúkọ ọṣẹ lọ, àti èyí tí wọ́n fi ń gbé fóònù.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn àgbà lọ́sàn-án, lẹ́yìn tí àwọn ọmọdé bá ti lọ sílé, orí àga ọmọ ọdún mẹ́fà sì ni gbogbo wọn ń jókòó. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìdí Ìyá Olóṣẹ wọ inú àga, ó kọ̀ kò jáde. Nígbà tó dìde kí tíṣà, àga náà bá a dìde.

"Tíṣà, ẹ má bínú," ó ní, "àwa méjèèjì la kí yín."

Ẹgbẹ́ àbíkẹ́yìn rẹ̀ ni tíṣà, ọmọ kan tó wọ awò ojú, tó sì ní sùúrù bí ẹni tó ń tú òwú tó ta kókó. Lóṣù kejì, ó kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ tààrà àti ọ̀rọ̀ àgbàsọ.

"Tẹ́ ẹ bá ń sọ ọ̀rọ̀ tààrà, bó ṣe ti ẹnu ẹni náà jáde lẹ máa gbé e, ẹ ó sì fi àmì há a láàárín. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń gbà á sọ ni, 'èmi' tiẹ̀ á di 'òun' lẹ́nu yín. 'Òní' á di 'ọjọ́ yẹn', 'ibí' á di 'ibẹ̀'."

Ìyá Olóṣẹ pàtẹ́wọ́. "Háà! Òfófó nìyí! Wọ́n ti wá ń gba sátífíkéètì lé e lórí? Ìyá tó bí ìyá mi ì bá ti di ọ̀jọ̀gbọ́n!"

"Ìyàtọ̀ wà, Màmá. Olófòófó máa ń fi iyọ̀ sí i. Ohun tó bá nínú ìkòkò nìkan ni ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ sọ máa ń bù."

Tíṣà ní kí kálukú wá gba ìjà kan tó jà láìpẹ́ sọ. Nígbà tó kàn án, Ìyá Olóṣẹ sọ fún wọn pé ọkọ òun sọ pé híhan-anrun òun á ká òrùlé lọ lọ́jọ́ kan, pé àwọn eku ilé àwọn ti kó lọ sílé kejì.

"Kí lẹ wá fi dá a lóhùn, Màmá?"

"Mo sọ fún un pé kó sùn re."

Géètìmánù kan tó ń gbé àdúgbò rẹ̀ fò dìde láti ẹ̀yìn. "Irọ́ ni o, tíṣà! Ojúlé kẹta la wà tá a ti gbọ́ ohun tí wọ́n sọ! Màmá, ṣé kí n gbà á sọ?"

"Jókòó síbẹ̀, ẹlẹ́tí ehoro!"

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù kẹfà ni ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ṣẹlẹ̀. Obìnrin tó ń ṣa aṣọ ìdọ̀tí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pè ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, torí tó bá fi ẹ̀gbẹ́ dúró, ẹ ó rò pé òpó tí wọ́n so okùn aṣọ mọ́ ni. Ó ki ọwọ́ bọ inú àpò kan láàárọ̀, ó sì figbe ta. Abẹ́rẹ́ ti gba inú ìbọ̀wọ́ kọjá, ó wọ àtàǹpàkò rẹ̀. Ìyá Olóṣẹ fa ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ omi ẹ̀rọ, ó ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kíá, ó wá wo ara àpò náà. Àmì wọ́ọ̀dù kẹta ló wà níbẹ̀. Ó fi abẹ́rẹ́ sínú ike, ó gun àtẹ̀gùn lọ, ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀.

Sístà tó ń ṣàkóso wọ́ọ̀dù kẹta jókòó ti fáìlì. Obìnrin gíga ni, bàtà rẹ̀ kì í ní eruku.

"Sístà, ẹ káàárọ̀. Abẹ́rẹ́ yín rèé. Ó gún ọmọ iṣẹ́ mi."

Sístà ò gbójú sókè. "Kì í ṣe tiwa."

"Àmì yín ló wà lára àpò."

"Màmá, wọ́ọ̀dù mi kì í fi abẹ́rẹ́ sínú aṣọ. Táwọn tó ń ṣa aṣọ bá ń lo ojú wọn, abẹ́rẹ́ ò ní gún wọn. Bẹ́ẹ̀ lẹ̀yin ará ìsàlẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Ẹ ó ba nǹkan jẹ́ tán, ẹ ó wá máa wá ẹni tẹ́ ẹ máa dì í rù."

Ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀! Èyí ló wọ Ìyá Olóṣẹ lára. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò pe nọ́ọ̀sì kankan ní "o" rí, ìbáà jẹ́ ẹni tó lè bí lọ́mọ. Lọ́jọ́ yẹn, "ẹ" sá kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ìwọ! Ẹnu ẹ dà bí ihò tí ẹ̀rọ wa fi ń tu omi ìdọ̀tí. Kò sí ẹ̀gbin tí ò gba ibẹ̀ kọjá, ihò náà ò sì ní jẹ́wọ́ láé! Ká ní o máa ń bẹ̀rẹ̀ wo orí bẹ́ẹ̀dì ni, dípò tó o fi ń gbé ìdí pẹlẹbẹ bíi pátákó ìlọṣọ yẹn kiri wọ́ọ̀dù, abẹ́rẹ́ ò ní débẹ̀!"

Bàbá kan tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ sókè lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ́rìn-ín débi pé ẹsẹ̀ náà ń mì fìrìfìrì.

Sístà dìde. "Màmá, èmi lẹ sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí? Ó dáa. Ọ̀gá máa gbọ́."

Ọ̀gá gbọ́. Kí Ìyá Olóṣẹ tó sọ̀ kalẹ̀ tán, fóònù yàrá ìfọṣọ ti ń dún.

"Kí ẹ̀yin méjèèjì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ wá, kó wà lórí tábìlì mi lọ́la laago mẹ́sàn-án. Màmá, èyí tẹ́ ẹ bá kọ ni mo máa fi mọ̀ bóyá ẹ lè di ìwé yẹn mú."

Orí tábìlì tí wọ́n ti ń ká aṣọ ló ti kọ ọ́. Ó làágùn ju ìgbà tó bá ń fún aṣọ ìbora lọ. Ó kọ ọ́ pé Sístà sọ pé abẹ́rẹ́ kì í ṣe tiwọn. Ó kọ ọ́ pé òun sọ fún un pé àmì wọn wà lára àpò, àti pé Sístà sọ̀rọ̀ nípa àwọn ará ìsàlẹ̀. Nígbà tó dé ibi ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó kọ ọ́ pé òun fi ọ̀wọ̀ dágbére fún un. Òun fúnra rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín nígbà tó kà á.

Lọ́sàn-án, ó dúró dìgbà tí kíláàsì tú, ó gbé e fún tíṣà.

"Gẹ̀ẹ́sì yín mọ́, Màmá. Mi ò rí ibi tí mo lè fi bíróò pupa kọ nǹkan." Tíṣà tún un kà. "Ibì kan ṣoṣo ni. Ẹ ní ẹ fi ọ̀wọ̀ dágbére. Nínú ìlà tó tẹ̀ lé e, Sístà ń béèrè bóyá òun lẹ sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí. Irú ọ̀rọ̀ wo? 'Ó dàbọ̀'?"

"Tíṣà, tí mo bá kọ ọ́, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn."

"Ẹ̀yin lẹ mọ ti iṣẹ́. Ihò ni mo rí nínú aṣọ, mo ní kí n fi hàn yín."

Ìyá Olóṣẹ jókòó padà sórí àga kékeré náà. Bí tíṣà bá rí ihò yìí, ọ̀gá á rí i. Bí ọ̀gá bá sì rí i, ta ni á gba ìyókù gbọ́? Á di pé abẹ́rẹ́ náà kò ti wọ́ọ̀dù kankan wá. Lọ́la, wọ́n á tún ju òmíràn sínú àpò, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ á sì tún ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó fa bébà náà mọ́ra, ó fagi lé ọ̀wọ̀ àti ìdágbére.

"Tíṣà, kí ni wọ́n ń pe ìdí lédè Gẹ̀ẹ́sì?"

Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Mẹ́ta ló wà, Màmá. Ọ̀kan wà fún dókítà, ọ̀kan fún ọmọdé, ọ̀kan fún ìjà."

"Ti ìjà ni. Ẹ sípẹ́lì ẹ̀ fún mi."

Ojú ti tíṣà, ṣùgbọ́n ó sípẹ́lì rẹ̀. Ìyá Olóṣẹ tún béèrè bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ pé èèyàn pe ẹni tó yẹ kó pè ní "ẹ" ní "o".

"Gẹ̀ẹ́sì ò ní ìyẹn, Màmá. Ọ̀kan náà ni wọ́n ń pe àgbà àti ọmọdé."

"Ẹ ṣé o. Wọ́n ti gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan."

Ní aago mẹ́sàn-án ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì wà níwájú ọ̀gá. Ti Sístà kò pé ìdajì bébà. Ó kọ ọ́ pé alágbàfọ̀ wá bú òun níṣojú àwọn aláìsàn láìnídìí. Ọ̀gá gbé ti Ìyá Olóṣẹ, ó ń kà á sókè. Nígbà tó kan ihò omi ìdọ̀tí, ó dúró, ó gbé omi mu. Nígbà tó kan pátákó ìlọṣọ, ó kọjú sí fèrèsé, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Ìyá Olóṣẹ wolẹ̀, ó ń rò pé bóyá òun ti fọ aṣọ òun ìkẹyìn nílé ìwòsàn yìí.

Ọ̀gá yíjú padà. "Sístà, ẹ gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ṣé ohun kan wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ ò sọ?"

Sístà wo bébà tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá. "Mo rò pé wọ́n máa yọ tiwọn kúrò ni. Ká ní wọ́n yọ ọ́, ǹ bá sọ pé irọ́ ni gbogbo ẹ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Mo sọ ọ́, ọ̀gá. Àpò wa sì ni. Wọ́n pè wá ní pàjáwìrì sí bẹ́ẹ̀dì mìíràn láàárọ̀ yẹn, mi ò padà yẹ èyí tá a fi sílẹ̀ wò."

"Sístà, ẹ má bínú sí mi," Ìyá Olóṣẹ ní. "Ẹ jẹ́ kí n dá 'ẹ' yín padà fún yín. Ẹnu mi kì í ní ìjánu nígbà tí inú bá ń bí mi."

"Kò yẹ kí èmi náà pè yín ní ará ìsàlẹ̀, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́." Sístà fi ojú wo ẹ̀yìn ara rẹ̀ fìrí. "Ṣùgbọ́n ṣé òótọ́ ló pẹlẹbẹ tó yẹn?"

"Ẹ̀rù ń bà mí láti dáhùn, Sístà. Ọ̀gá á tún ní ká kọ ọ́."

Àfi gbà! Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá ní láti ọjọ́ yẹn lọ, wọ́ọ̀dù kankan ò gbọ́dọ̀ di àpò aṣọ láìka abẹ́rẹ́. Ó ní kí Sístà lọ wo Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fúnra rẹ̀. Ó sọ fún Ìyá Olóṣẹ pé òun máa kọ èébú náà sínú fáìlì rẹ̀, pé kò gbọ́dọ̀ wáyé mọ́. Lẹ́yìn náà ló wá ti ìwé ojoojúmọ́ náà sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ̀ ń fún mi? Pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo sọ?"

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń ka ìwé yìí, Màmá. Yàrá ìfọṣọ ò ṣẹ ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀ rí. Mo ti ń rò pé áńgẹ́lì ló ń fọ aṣọ wa."

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wà nídìí ẹ̀rọ, báńdéèjì lọ́wọ́. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ mọ́, wọ́n ṣì máa tún un ṣe. Ìyá Olóṣẹ gbá a mọ́ra, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a sí méjì. Kó tó jókòó, fóònù dún. Wọ́ọ̀dù karùn-ún ni, wọn ò tíì rí aṣọ ìbora wọn gbà, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sì ń jágbe mọ́ wọn.

Ìyá Olóṣẹ ṣí ìwé, ó yọ bíróò.

"Ẹ rọra sọ ọ́, mò ń kọ ọ́. Ọ̀lẹ lẹ pè wá ni, àbí aláìbìkítà? Èwo ni kí n kọ?"

Ohùn ẹni náà rọlẹ̀.

"Ẹ kọ ọ́ pé mo bẹ̀ yín, Màmá."

Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ pé òun sọ pé aṣọ ìbora ń bọ̀ kó tó di aago méjìlá, ó sì lọ fi ìdí ti ẹ̀rọ kejì.